Nígbà Tí Ọwọ́ Dilẹ̀ ní Etí Òkun Lomé

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni wọ́n fún wa lọ́jọ́ kejì tí a dé Lomé, ojú ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì tí o lọ, ohun tí wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀, kíláàsì tí ìwọ fúnra rẹ kọ́, ibi tí ó ti le, gbogbo rẹ̀ ló ní àyè tirẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fa ilà yí àyè kékeré kan ká, wọ́n kọ "loisirs" sí i lórí, ìyẹn ohun tí o fi àsìkò tí ọwọ́ rẹ dilẹ̀ ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni mo fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀rọ̀ àyè òfìfo náà, àti bí ó ṣe wá di ohun tí mo ń tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ, ni mo fẹ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àbúrò tó ń múra àtilọ fún irú ọdún bẹ́ẹ̀ máa ń bi mí nípa owó, nípa ilé, nípa ìwé. Kò tíì sí ẹni tó bi mí pé kí ni òun máa fi ọ̀sán Ọjọ́rú ṣe.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ ní yunifásítì, èdè Faransé ni mo sì ń kọ́ láti fi ṣe é. Ẹni tó bá ń kọ́ Faransé ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ lo àkókò kan níbi tí wọ́n ti ń fi èdè náà ṣe nǹkan. Nígbà tí owó náírà ṣì lágbára, òkèèrè ni wọ́n máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nígbà tí nǹkan wọ́n, ìjọba dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní 1991, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń lọ. Àwọn kan ṣì ń kọjá lọ sí Tógò, pàápàá sí ibi tí wọ́n ń pè ní Village du Bénin ní Yunifásítì Lomé. Èmi náà kọjá, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló gbà mí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú kan àwọn ènìyàn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń kọ́ èdè. Ọjọ́ méjì tó kù, mò ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan láti ran olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ́wọ́, èyí ni wọ́n kà sí TP, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, fún mi.

Láti Èkó, ọ̀nà Sẹmẹ̀ la gbà, a la Kútọnu kọjá, a dé Hillacondji tí Benin ti bá Tógò pààlà, a wọ Aného, a kọjá Agbodrafo, òkun ń bá wa lọ lápá òsì. Ní bọ́dà Tógò, aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Mo rántí pé inú mi dùn sí wákàtí yẹn bí ẹni tó rí owó he.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Lomé ni ọ̀sán. Aago méjìlá lù, ilé ẹ̀kọ́ tú. Àwọn ọ́fíìsì tilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fa páànù sílẹ̀, olùkọ́ gun ọ̀kadà, ó lọ sílé lọ jẹun, ó sùn. Ó di nǹkan bí aago mẹ́ta kí ìlú tó tún jí. Èmi tí mo dàgbà sí Èkó, níbi tí ènìyàn ti ń jẹun lórí ìdúró, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú àsìkò bẹ́ẹ̀ mì. Wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kíláàsì kò sí rárá. Àbámẹ́ta wà níbẹ̀, Àìkú wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe lò ó nìyí. Mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Tokoin, mo bá àwọn ọmọ Nàìjíríà márùn-ún yòókù, a dáná, a fi Yorùbá àti píjìn tàkúrọ̀sọ, a ra dátà, a pe ilé, a sùn. Nàìjíríà la gbé wá sí Lomé. Owó tí ìyá mi fún mi fún oúnjẹ ń lọ sórí dátà. Lọ́jọ́ TP, bí mo bá la ẹnu ní Faransé fún àwọn ọmọ kí n lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wọn a máa wo ara wọn. Gírámà mi pé. Ṣùgbọ́n bí ìwé ni mò ń sọ̀rọ̀, tí mo bá sì dé ọ̀dọ̀ aláta, mo máa ń fi ìka nà án ni. Lópin ọ̀sẹ̀ kẹjọ, alábòójútó wa gba ìwé àkọsílẹ̀ wa yẹ̀ wò. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sínú àyè tí mo fi sílẹ̀ lófìfo: "Et la ville?" Ìlú náà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo bínú sí wọn fún ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù Kejìlá, ẹ̀rọ omi kò yọ, ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, oorun sì ti dá lójú mi láti aago márùn-ún. Mo jáde. Mo sọ fún ọlọ́kadà, zémidjan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, pé etí òkun ni mò ń lọ. Ó gbé mi dé apá Kodjoviakopé, níbi tí ìlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó jẹ́ pé bí o bá fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ sí i, bọ́dà Aflao ni, Gánà ti dé.

Okùn ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti inú omi jáde, ó nà gbọọrọ lórí yanrìn, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé, omi ń kán tótó lára rẹ̀. Ó tó ogún ènìyàn tó dì í mú, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ri gìgísẹ̀ mọ́ yanrìn, wọ́n fẹ̀yìn sílẹ̀. Ọ̀kan ń lu agogo, ó ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Ní ọ̀ọ́kán, níbi tí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé, ẹgbẹ́ mìíràn ń fa okùn kejì. Ọkọ̀ onígi ló ti gbé àwọ̀n lọ lówùúrọ̀ kùtù, ó fi yí omi ká bí ẹni fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra, ó sì dá orí okùn méjèèjì padà sí èbúté. Bí wọ́n ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń rìn súnmọ́ra wọn.

Ìyá kan jókòó sídìí okùn lẹ́yìn pátápátá. Bí okùn bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń ká a jọ roboto, àká lórí àká, bí òṣùká ńlá. Wọ́n wò mí. Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo fóònù tí mo nà sókè láti fi ya fọ́tò. Wọ́n ní: "Tu regardes ou tu tires?" Ṣé ìran lo wá wò ni, àbí o fẹ́ fà? Lára gbogbo Faransé tí mo ti gbọ́ fún ọdún mẹ́ta, mi ò rántí gbólóhùn tó wọ̀ mí lára tó èyí.

Mo bọ́ bàtà. Wọ́n fi mí sáàárín ọmọkùnrin kékeré kan àti obìnrin tó pọn ọmọ. Iyọ̀ àti yanrìn ti jẹ́ kí okùn náà rí bíi páànù tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá; kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n. Apá ni mo fi ń fà. Ọmọ tó wà níwájú mi yíjú padà, kò sọ̀rọ̀, ó kàn fọwọ́ lu ìbàdí ara rẹ̀, ó tún lu itan. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ń fà á. Mo fi ìdí wálẹ̀ bíi tirẹ̀, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn. Ó ku ọ̀kan tí n kò mọ̀. "He!" ni olórin ń pariwo, ìyẹn "fà!" lédè wọn, mo sì ń fà ṣáá, mò ń fà nígbà tí wọ́n ń fà, mò ń fà nígbà tí wọ́n dákẹ́. Obìnrin ẹ̀yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó nàka sí omi. Nígbà tí ìgbì bá ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti àwọ̀n wá. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń fà. Bí ìgbì bá ń padà, wọn a kàn di okùn mú gírígírí, wọn ò ní bá a jà. Ìyá bàbá mi máa ń sọ pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ mi gbọ́ òwe yẹn.

Ó lé ní wákàtí méjì kí àpò àwọ̀n tó yọ. Mo ti ń retí òkìtì ẹja. Abobi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ tó ń kọ mọ̀nà bí abẹ́rẹ́, alákàn díẹ̀, àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó pọ̀ débi tí wọ́n ní láti yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó pohùnréré. Àwọn obìnrin tó gbé bàsíà wá ti ń ná owó. Wọ́n yọ ti oní-àwọ̀n àti ti ọkọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n pín ìyókù fún àwọn tó fà á, títí dórí ọmọ tó wà níwájú mi. Ìyá tó ń ká okùn bu ìkúnwọ́ mẹ́rin sínú ọ̀rá, wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí mi. Tantie ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, orúkọ tí mo bá wọn pè wọ́n títí mo fi kúrò nìyẹn. Lálẹ́, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó ti bó, mo kọ ọ̀rọ̀ sínú àyè náà fún ìgbà àkọ́kọ́: ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fa àwọ̀n.

Láti ọjọ́ náà, Àbámẹ́ta méjì nínú mẹ́ta ni mo ń lọ, nígbà tó yá mo fi ọ̀sán Ọjọ́rú kún un, nígbà tí kò sí àwọ̀n lójú omi tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi àgbọn tí wọ́n ń tún un ṣe. Mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni: Mina, èdè ìbílẹ̀ wọn, ni wọ́n ń sọ nídìí okùn, Faransé kò tó nǹkan níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rù sísọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ fi mí sílẹ̀. Ẹni tó ti sọ pé "woezo" ní ohùn tí kò dára, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé "yoo", kò ní ìtìjú kankan mọ́ fún gírámà Faransé. Tantie ti ta aṣọ rí ní Assigamé, ọjà ńlá Lomé, Faransé ọjà sì dá lẹ́nu wọn. Bí mo bá ti gbìyànjú Mina méjì mẹ́ta, wọn a ṣàánú mi, wọn a yí i padà.

Wọ́n bi mí ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Mo ní Ọjọ́rú. "Akou ni ẹ nígbà yẹn," ó parí. Àwa náà ní Bọ́sẹ̀dé, a ní Abíọ́dún, ṣùgbọ́n tiwọn kárí ọjọ́ méjèèje, ọ̀tọ̀ ni ti ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin. Àgànyìn ni a máa ń pe àwọn ará etí òkun yìí lápapọ̀ ní Èkó, a sì mọ ẹ̀wà wọn ju ohun mìíràn nípa wọn lọ. Mo bi àwọn olóúnjẹ Kodjoviakopé léèrè ẹ̀wà Àgànyìn, wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ayimolou ni wọ́n gbé fún mi, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pa pọ̀, pẹ̀lú ata tí wọ́n dín títí ó fi dúdú. Mo tọ́ ata yẹn wò, ilé ni mo rí. Ojú mi kún fún omi lójú gbogbo wọn, wọ́n sì rò pé ata ló ta mí.

Bàbá kan wà lára àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe, ẹni tó máa ń fi ìka ẹsẹ̀ fa òwú le. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní òkun. Wọ́n nàka sí àwọn òpó àtijọ́ tó kù nínú omi, ní ọ̀kánkán àárín ìlú, wọ́n ní kí n sọ ìdí tí àwọn ará Jámánì fi ri nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ òkun. Mi ò mọ̀ ọ́n. "La barre," ni wọ́n wí. Ní gbogbo etí òkun yìí, ìgbì máa ń wó lulẹ̀ ní ilà kan nítòsí èbúté, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì dagun lójijì. Ọkọ̀ ńlá kò lè súnmọ́ ọn. Ọkọ̀ onígi ló ń la ìgbì kọjá lọ kó ẹrù àti ènìyàn wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi sì ń dà á nù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ afárá tí àwọn òpó náà gbé dúró ní 1904, kí ó gun ìgbì kọjá lọ bá ọkọ̀ lójú omi tó parọ́rọ́. Nígbà tó fi máa di 1968, wọ́n ti ní èbúté ọkọ̀ ńlá tuntun ní ìlà-oòrùn ìlú, pẹ̀lú ògiri òkúta tó wọ inú òkun.

Ibẹ̀ ni bàbá náà dúró sí pẹ́. Yanrìn etí òkun yìí kì í jókòó, wọ́n ní, ó ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Ògiri òkúta dá a dúró. Èyí tó dúró ló fẹ etí òkun Lomé lójú báyìí, tí àwọn ọmọ fi ń rí ibi gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú, Baguida, Agbodrafo títí dé Aného, kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ilé wọn. Ìdídò Akosombo tí Gánà parí ní 1965 tún ti dá yanrìn odò Volta dúró lókè. Mo sọ fún wọn pé mo mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ògiri òkúta tí àwọn òyìnbó mọ sẹ́nu ọ̀nà òkun Èkó náà ló jẹ́ kí omi máa jẹ Victoria Island, tí mo fi dàgbà bá òkúta tí wọ́n dà sí Bar Beach. Bàbá gbé àwọ̀n sílẹ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ní Faransé, n kò sì mọ̀ pé Faransé ni.

Agbodrafo ni ilé Tantie. Wọ́n mú mi lọ ní Àìkú kan nínú oṣù Kìíní. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Woold Homé, oníṣòwò ará Scotland kan tó ń jẹ́ John Henry Wood ló ni orúkọ náà, ọdún 1835 ni wọ́n sọ pé wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí òfin ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ tí wọ́n ṣì ń ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ilé tó rí bí ilé lásán ni, yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́ pákó ilẹ̀ ni wọ́n ń kó ènìyàn pamọ́ sí, ibi tí àgbàlagbà kò lè nàró. Mo wọ̀ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo jáde, mi ò lè jẹ oúnjẹ tí Tantie sè. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n kàn jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà títí ìyálẹ̀ta fi di ọ̀sán. Àyè "loisirs" ọ̀sẹ̀ yẹn, Agbodrafo nìkan ni mo kọ síbẹ̀.

Ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀ ní Àìkú kan nínú oṣù Kejì. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ Àìkú, gbogbo Lomé ló ń jáde sí etí òkun: ìlù, ọmọdé lórí ẹṣin tí wọ́n ń háyà, ẹran sísun, bọ́ọ̀lù. Àwa ọmọ Nàìjíríà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ pọ̀. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìbàdàn, mọ omi wẹ̀ dáadáa. Inú odò àdágún òtẹ́ẹ̀lì ló ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó ní òun fẹ́ fi omi tutù sára. Mo sọ fún un pé omi yìí kò dára. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì yíjú sí ẹran tí mò ń jẹ. Èyí ni ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí: mo ti mọ nǹkan nípa la barre, mo ní ọ̀rọ̀ fún un ní èdè mẹ́ta, mi ò sì dìde.

Ìgbì tó gbé e kò ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Bíbọ̀ rẹ̀ kọ́ ló ṣe é ní nǹkan, ìpadàlọ rẹ̀ ni. Ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti dagun, ó fà á lọ sábẹ́ ìgbì kejì. A rí orí rẹ̀, a ò rí i mọ́, a tún rí i níbi tó jìnnà. Ó ń wẹ̀ padà sọ́dọ̀ wa, bí ó sì ṣe ń wẹ̀ ni ó ń jìnnà sí i. Mo pariwo. Faransé kọ́ ló jáde lẹ́nu mi, "Ẹ gbà wá o!" ni. Àwọn ọmọkùnrin tó ń fa àwọ̀n ló gbọ́. Ọ̀kan ti so okùn mọ́ ìbàdí kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó bọ́ sómi, àwọn mẹ́rin di orí okùn mú lórí ilẹ̀. Wọ́n fà wọ́n wọlé bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n: ìgbì ń bọ̀, wọ́n fà, ìgbì ń padà, wọ́n dúró. Ọ̀rẹ́ wa bì iyọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n dá a dúró ní ọsibítù mọ́jú, ó sì padà wálé lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé ti wà lára ògiri. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ dé etí òkun mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Mi ò lè sọ pé wọn ò rí ìdí. Àwọn òbí wa ni wọ́n máa pè bí ọmọ bá bómi lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo mú lọ́kàn, mo ṣì mú un lọ́kàn dòní: lọ́jọ́ tí a dé, wọ́n mú wa yíká, wọ́n fi ilé ìkàwé hàn wá, wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì hàn wá. Òkun tí ohùn rẹ̀ ń dé ojú ọ̀nà tí wọ́n mú wa gbà, kò sẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ojú ewé kan ààbọ̀. Mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan pé mo mọ̀ tí mi ò sì dá a dúró. Mo ṣàlàyé la barre, ibi tí ilẹ̀ ti dagun, àti ìdí tí ìmọ̀ wíwẹ̀ inú odò àdágún kò fi ran ọ̀rẹ́ wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ pé wíwọ inú òkun yàtọ̀ sí dídúró sí etí rẹ̀, pé àwọn tó gba ọ̀rẹ́ wa là, àwọn gan-an ni ẹ fẹ́ gbà kúrò lọ́wọ́ wa. Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ mi mọ́ ọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ òfìfo àti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tó kún. Mo dá àbá tí èmi fúnra mi lè pa mọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí àwọn afàwọ̀n dúró sí lọ sápá omi, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá lọ, ẹni tó bá mú ẹni tuntun wá gbọ́dọ̀ sọ nípa la barre fún un kí ó tó bọ́ bàtà.

Alábòójútó wa pè mí lọ́jọ́ kẹfà. Lẹ́tà mi wà níwájú wọn, bírò pupa ti kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣàtúnṣe àṣìṣe gírámà mẹ́rìnlá pẹ̀lú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n wá bi mí pé, ta ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yanrìn tó ń rìn. Mo sọ fún wọn. Ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n bá mi lọ. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n fa okùn fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Tantie sì bá wọn sọ̀rọ̀ ní Mina tó yára débi pé mi ò gbọ́ ju orúkọ mi lọ. Ìpinnu dé lọ́sẹ̀ kejì: omi wíwẹ̀, rárá, fún ẹnikẹ́ni. Àwọ̀n fífà, àárọ̀ Àbámẹ́ta nìkan, ènìyàn mẹ́rin ó pọ̀ jù, orúkọ lórí ìwé kí a tó jáde àti nígbà tí a bá padà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn nígbà náà. Ó ṣì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀rẹ́ wa tó bómi lọ kò padà sí etí òkun mọ́. Ó wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò kan ní Tokoin, ó ń bá wọn jókòó lọ́sàn-án lábẹ́ igi, nígbà tí a fi máa kúrò, Faransé rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé omi ni oògùn náà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo fi ọ̀sán ṣe ẹ̀kọ́. Dípò kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán London tó wà nínú ìwé wọn, mo bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni wọ́n ń ṣe láti aago méjìlá sí mẹ́ta. Gbogbo ọwọ́ ló dìde. Wọ́n ń sùn, wọ́n ń gún fùfú, wọ́n ń tọ́jú àbúrò. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá dìde, ó sọ gbólóhùn mẹ́rin tó pé: ó ń ta omi tútù nínú ọ̀rá ní Ablogamé, ó ń rìn, oòrùn ń pa á, aago mẹ́ta ó padà sí kíláàsì. Mo ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yìí wá pé gbogbo Lomé ló ń sinmi lọ́sàn-án. Mo ní kí ó jókòó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó gba àárín ọjọ́ mọ́.

Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn bọ́ sí ìparí oṣù Karùn-ún. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òkun dúdú, àwọn tó wá kò pọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gba ipò mi lórí okùn, Tantie dìde lórí ìjókòó wọn, wọ́n sì nàka sí i. Àwọn ni wọ́n lọ dúró ní ipò mi, sáàárín àwọn afàwọ̀n. Mo jókòó sídìí okùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí mo ṣe ti ń rí i tí wọ́n ń ká a fún oṣù mẹ́fà. Àká karùn-ún, ó yọ̀, gbogbo rẹ̀ wó. Wọ́n fi okùn sílẹ̀, wọ́n wá tú u, wọ́n fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo tún un ká, ó tún wó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dúró.